Ọyẹ́ inú ilé: bí a ṣe fi pákó bo ògiri pálọ̀ wa ní Uptown

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Jánúárì ọdún tó kọjá, nǹkan dún gbàà nínú pálọ̀ wa. Gbogbo wa jí. Mọ́mì rò pé ẹnìkan ti fọ́ fèrèsé. Dádì tan iná fóònù rẹ̀, ó sì ṣáájú wa jáde láìwọ bàtà. Kò sí olè. Pákó kan ló ya láti òkè dé àárín, lára ògiri tí èmi àti àbúrò mi ti fi ọjọ́ méjì kàn ní oṣù Nofẹ́ńbà. Àwọn pákó yòókù kò ya, ṣùgbọ́n àlàfo ti ṣí láàárín wọn, èyí tí ẹyọ owó kọ́ọ̀tà lè wọ̀. Pẹ́ńtì àtijọ́ ń yọjú sí wa láti inú àlàfo náà, aláwọ̀ ewé bíi ti ilé ìwòsàn.

Dádì fi ìka tọ ojú ibi tó ya. Ó ní, "Mo bi yín." Ó sì padà lọ sùn.

Òótọ́ ni, ó bi wá. Lọ́jọ́ tí a gbé pákó náà dé láti sítọ́ọ̀ ńlá kan, Dádì ń múra iṣẹ́ alẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹrù náà, ó ní, "Ṣé pákó yìí ti sinmi?" Èmi àti àbúrò mi wo ojú ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Pákó tó ń sinmi! Bí ẹni pé ó wọ bàálù láti Èkó wá. Dádì kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó gbé àpò oúnjẹ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin náà ti rí irú ògiri tí mò ń sọ yìí lórí fóònù yín. Ẹnìkan yóò dúró níwájú ògiri funfun lásán, yóò pàtẹ́wọ́, ògiri náà yóò sì di pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sókè dé àjà, tàbí pákó tó bo ìdajì ògiri nìkan bíi ti àwọn ilé ọlọ́lá. Láyé àwọn òbí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, pákó ara ògiri ni ohun tí ojú ń tì wọ́n láti fi han àlejò: pílíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ pupa dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá abẹ́ ilé ní nǹkan bí ọdún 1970. Ní báyìí, ó ti padà di oge.

Àwa kò ṣe é fún oge, ó kéré tán kì í ṣe fún oge nìkan. Ibi tí ilé wa wà kò jìnnà sí ibùdó reluwé Argyle lórí Red Line, níbi tí ọbẹ̀ àwọn ará Vietnam ti ń ta sánsán láti àárọ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí owó wà ní Uptown tí àwọn èèyàn ń wá síbí wá jó. Ọdún 1925 ni Uptown Theatre ṣí, Aragon Ballroom sì tẹ̀lé e ní 1926. Ògiri ilé ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ lè fi ìkúùkù lu. Pákó pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sórí ara wọn bí igi àkàbà, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ àwọn òpó inú ògiri, lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́ pilásítà lé e kí ó lè di àwọn igi náà mú láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, pilásítà yẹn ti rẹ̀. Tiwa ti ya bí ẹsẹ̀ adìyẹ káàkiri. Mọ́mì pe bíríkìlà kan wá. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ iye tí yóò gbà láti tún un rẹ́, Mọ́mì rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní omi tútù mu kó tó máa lọ.

Báyìí ni èmi, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ fídíò wò, ṣe di káfíńtà.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ pákó tó ya, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù ú lọ, nítorí kò sí fídíò kankan nínú àwọn tí mo wò tó sọ ọ́ fún mi.

Pẹ́ńtì ògiri náà ti ń ṣí. Mo rò pé kí ojú rẹ̀ lè dán kí a tó kan pákó mọ́ ọn, mo gbọ́dọ̀ fi sánpépà ha á. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi ha á, láìbo imú. Àǹtí mi wà ní kíṣìnnì. Ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀ nígbà náà, ń ṣeré lórí ẹní nínú yàrá tó kàn, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Mọ́mì dé láti ibi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Kò pariwo. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé yìí?"

Mo ní n kò mọ̀, ó ti pẹ́.

Ó ní, "Gbé nǹkan ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Má gbá ilẹ̀. Má gbọn aṣọ rẹ."

Òjé ló ń bẹ̀rù. Wọ́n máa ń po òjé mọ́ pẹ́ńtì láyé àtijọ́ kí ó lè lágbára. Ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú pẹ́ńtì ilé gbígbé. Nítorí náà, ilé yòówù tó bá ti wà ṣáájú ọdún yẹn, kí ẹ gbà pé òjé wà lára rẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Tí pẹ́ńtì náà bá jókòó jẹ́ẹ́, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ewu ibẹ̀ ni eruku. Ọmọdé tó ń rá kòrò yóò fi ọwọ́ kan eruku yẹn, yóò sì ti ọwọ́ bọ ẹnu. Tó bá wọ ara rẹ̀, ó ń ba ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà jẹ́: ìwé kíkọ́, ọ̀rọ̀ sísọ, ìfarabalẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá ohun tó bà jẹ́ padà.

Mọ́mì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ó tún un nù, ó di aṣọ náà sínú ọ̀rá. Ó wẹ ọmọ náà, ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé e lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi dúró de èsì. Àǹtí mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn, n kò sì lè sọ pé kò tọ́. Mo ní ìdánwò lọ́jọ́ kẹta. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ìwé ìbéèrè bí ẹni pé wọ́n fi èdè àjèjì kọ ọ́. Láti ọdún 2021, ìwọ̀n tí àjọ CDC fi ń ya ọmọ tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ jẹ́ 3.5 máíkrógírámù nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Èsì ọmọ wa kò dé ibẹ̀. Àǹtí mi pè mí láti ibi iṣẹ́ láti sọ ọ́, ó sì fi kún un pé tí òun bá tún rí sánpépà lọ́wọ́ mi, òun yóò fi ha orí mi.

Ọkùnrin kan tó ní ìwé àṣẹ wá fi ẹ̀rọ tó jọ ìbọn tẹ ògiri náà níbi mélòó kan. Òjé wà ní ìpele ìsàlẹ̀, lábẹ́ pẹ́ńtì funfun àti aláwọ̀ ewé. Ohun tó sọ yà mí lẹ́nu: kí a má ha á, kí a má fi iná yọ ọ́, tí a bá lè fi nǹkan tó le bò ó, kí a sì dí gbogbo etí rẹ̀ pa, ọ̀nà kan tó dára nìyẹn. Pákó tí mo fẹ́ fi ṣe oge wá di ìdérí. Ibi tí ìṣó yóò bá wọlé, kí a kọ́kọ́ fi omi rin ín kí eruku má bàa fò. Kí a tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀. Kí ọmọdé má sí nítòsí. Tí a bá parí, kí a fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, kí a má fi ìgbálẹ̀ gbá a.

A ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe wí. A kan pákó náà ní Nofẹ́ńbà, ó dára lójú, mo ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tó di Jánúárì ni ó dún gbàà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Dádì jókòó síwájú ògiri náà pẹ̀lú tíì rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó béèrè bóyá mo rántí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wọn ní Adó-Èkìtì, èyí tí màmá rẹ̀ máa ń ta nípàá. Mo rántí, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti débẹ̀, nígbà òjò, mo sì ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà kí n tó lè jáde. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ lo wá ni, ọwọ́ kan lo máa fi ṣí i. Wàá tún máa rí àgbàlá láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìṣí i."

Ó ní igi tí a ti gé kò tíì kú tán. Tí omi bá wà nínú afẹ́fẹ́, yóò mu ún, yóò fẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, yóò tú omi náà sílẹ̀, yóò sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìbú rẹ̀ ló ń yí. Nílé, òjò àti ọyẹ́ ló ń fà á. Ní Chicago, afẹ́fẹ́ òtútù tó wọlé láti ìta kò ní omi púpọ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Tí rédíétọ̀ bá wá mú un gbóná, ó gbẹ ju ọyẹ́ lọ. Ohun tó fà á nìyẹn tí ètè wa fi ń ya, tí iná ara aṣọ sì ń ta wá nígbà tí a bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. "Ọyẹ́ wà nínú ilé yìí láti Nofẹ́ńbà títí di Éprílì," Dádì ní. "Ẹ gbé pákó wá láti ibi tútù, ẹ kàn án lọ́jọ́ kan náà. Ó fẹ́ sún kì. Ẹ ti fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó dè é lọ́tùn-ún lósì. Kí ló máa ṣe? Ó ya."

Mo bi í léèrè ibi tó ti mọ gbogbo ìyẹn. Ó mu tíì rẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun fi ṣe ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá òun, tó jẹ́ káfíńtà ní Adó, kí físà tó jáde. Ó ku oṣù mélòó kan kí òun gba fíríídọ̀mù.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, n kò gbọ́ ọ rí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Dádì ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wa nígbà tí a ń gbé ìranù wa kalẹ̀. Ó ní ẹni tí kò gba fíríídọ̀mù kì í pe ara rẹ̀ ní káfíńtà.

A tú gbogbo rẹ̀, a tún un ṣe ní oṣù Máàṣì. Dádì pinnu pé ìdajì ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni pákó yóò bò. A fi pátákó jípúsọ́ọ̀mù tuntun bo ìdajì òkè, a sì kùn ún ní funfun. Fún pákó, ó yan irú èyí tí etí kan rẹ̀ ní ahọ́n, tí etí kejì sì ní kòtò tí ahọ́n ìkejì rẹ̀ ń wọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni pákó náà fi wà nílẹ̀ pálọ̀, a fi igi kéékèèké sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, rédíétọ̀ sì ń jó bó ṣe máa ń jó. À ń fo wọ́n kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Dádì ra mítà kékeré kan tó ń sọ ọ̀rinrin inú ilé. Ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ́kọ́ sọ. Mọ́mì gbé ẹ̀rọ tó ń tú ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́ wá láti yàrá rẹ̀, a sì gbìyànjú kí ó má lọ sísàlẹ̀ 30.

Kí a tó kàn wọ́n, a kun ẹ̀yìn wọn, a sì kun ahọ́n wọn. Ti ẹ̀yìn jẹ́ kí ojú méjèèjì máa mu omi bákan náà kí pákó má bàa tẹ̀. Ti ahọ́n ni mo fẹ́ràn jù: tí pákó bá sún kì nígbà òtútù, tí ahọ́n yọjú díẹ̀, àwọ̀ kan náà ni ojú yóò rí, kò ní jẹ́ ilà funfun. Ibi ahọ́n yìí náà ni ìṣó ń gbà wọlé, ẹyọ kan ṣoṣo lórí òpó kọ̀ọ̀kan, pákó tó kàn yóò sì bò ó. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní ìṣó. Ó lè mí. A fi àyè bí ìdá mẹ́rin íǹṣì kan sílẹ̀ ní igun ògiri méjèèjì, lábẹ́ pákó etí tó ń bò ó.

Rírí òpó inú ògiri gba ọjọ́ odindi. Nínú àwọn ilé Amẹ́ríkà òde òní, íǹṣì 16 ló sábà máa ń wà láti àárín òpó kan dé àárín ìkejì. Ẹ̀rọ tí mo rà láti fi wá a ń han ṣáá káàkiri nítorí pilásítà. Òkúta òòfà ni Dádì lò. Ó so ó mọ́ okùn, ó ń fà á lọ lára ògiri títí tó fi lẹ̀ mọ́ ìṣó tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn kàn. Ibi tí ìṣó wọ̀nyẹn bá tò sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, òpó wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ má fojú kékeré wo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Tí pákó bá ti mú ògiri nípọn sí i, àpótí irin inú ògiri yóò ti jìn sí ẹ̀yìn, etí pákó yóò sì wà ní ìhòòhò níbi tí iná ti lè ta. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìtẹ̀síwájú àpótí náà sí i kí etí rẹ̀ bá ojú pákó dọ́gba. Àwa pe oníná. Òfin Chicago fẹ́ kí wáyà ilé gba inú páìpù irin kọjá, mo sì fi ìyẹn dúpẹ́, nítorí ìṣó méjì tí mo kàn sí ibi tí kò yẹ ní Nofẹ́ńbà, ara páìpù ni wọ́n ti tẹ̀.

Tí ẹ bá ń yá ilé gbé, ẹ gba ìyọ̀ǹda lánlọ́ọ̀dù ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó kan ìṣó kan. Òfin ìlú fún un ní ọjọ́ 45 láti dá owó ìdógò yín padà lẹ́yìn tí ẹ bá kó jáde, ṣùgbọ́n ó lè yọ owó ohun tí ẹ bà jẹ́ níbẹ̀. Òfin náà kò sì kan ilé tí kò ju fúláàtì mẹ́fà lọ, tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan kan pákó tirẹ̀ mọ́ férémù, ó gbé e ti ògiri. Ó dára lójú, ó sì lè gbé e lọ.

Ní ìsọ̀ onípákó tí a ti ra ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, Dádì dúró níwájú igi pupa kan tó ń dán bíi sílíkì, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i. SAPELE. Ó kà á sókè ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta ló fún igi náà lórúkọ, ó sì bá ọ̀gánwó tan. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fòfin de títa igi gẹdú àti pákó lílà sí òkè òkun, nítorí náà Kamẹrúùnù àti Kóńgò wà lára ibi tí irú rẹ̀ ti ń wá báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Òun nìkan kọ́ ni. Afàrà ni igi tí àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà sọ ní korina, tí Gibson fi ṣe gìtá Flying V ní 1958. Arère tiwa ni wọ́n ń tà ní ayous. Dádì pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà, ó ní kó pe orúkọ igi yẹn. Ó pè é bí ẹni ń pe orúkọ oúnjẹ ará Ítálì. Dádì tún un pè fún un, pẹ̀lú sùúrù, títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu. Owó rẹ̀ ga. Ẹyọ kan ni a rà, òun ni a fi ṣe ìtẹ́ orí pákó, níbi tí ọwọ́ èèyàn máa ń kàn tó bá ń kọjá.

Ọjọ́ tí a fáníìṣì rẹ̀ tán, mo mú Dádì lọ sí Art Institute. Red Line ni a wọ̀ dé Monroe. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní Chicago, kò dé ibẹ̀ rí. Òpó kan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914 fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Adó. Ọba jókòó pẹ̀lú adé tí ẹyẹ bà lé. Olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri ilé wa nígbà náà, ara òpó àti ilẹ̀kùn ni igi oge máa ń wà. Àwọn ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé wọn lọ síbi àfihàn Wembley ní 1924. Nígbà tí àwọn òyìnbó fẹ́ rà wọ́n, Ògògà kò gba owó, àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún Dádì. Kò dá mi lóhùn. Ó ti lọ sí ẹ̀yìn òpó, ó tẹ̀ba, ó ń wo bí igi náà ṣe rí. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa.

"Dádì, kí lẹ̀ ń wá?"

"Ibi tó ti ya," ó ní. "Mo fẹ́ mọ bóyá ó jẹ́ kó sinmi."

Jánúárì ọdún yìí ti kọjá, òtútù ibẹ̀ kò kéré, kò sí ohun tó dún nínú pálọ̀. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ahọ́n pákó mélòó kan yọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ó wò. Ọmọ àǹtí mi ti ń sáré báyìí. Ó máa ń fi ọwọ́ wọ́ ara pákó náà láti igun kan dé ìkejì. Mọ́mì ní yàrá òun ló kàn. Dádì ti gbé pákó wá láti ọjọ́ Ajé, ó tò wọ́n sí kọ́ríjọ̀, ó sì kọ ìwé lé wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n títí di Sátidé.